Ta Ni Ó Fi Idà Lé Ọ Lọ́wọ́?

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ sí gbọ̀ngàn kan ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ ọ̀nà ìjà àwọn ará Jàpáànì. Idà onígi àti ọ̀pá gbọọrọ ni wọ́n ń lò lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbé ìwé kan kọ́ sára ògiri nínú férémù. Lẹ́tà ilẹ̀ Jàpáànì kún inú rẹ̀ bámúbámú, òǹtẹ̀ pupa sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo bi olùkọ́ wọn léèrè ohun tí ìwé náà wí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun kò lè kà á, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí ó kọ́ òun ni òun ti gbà á. Mo tún bi í pé ta ni ó kọ́ ẹni náà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá dáhùn pé, "Bàbá, n kò mọ̀."

Mo jẹ́wọ́ pé mo fi ojú tín-ín-rín wò ó nígbà náà. Lójú mi, ẹni tí kò mọ ẹni tí ó kọ́ olùkọ́ rẹ̀ kò ní ohun tí ó lè pè ní àjogúnbá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí mo bi í kò fi èmi náà sílẹ̀ títí mo fi délé. Kí ni ó ń sọ ọ̀nà ìlo ohun ìjà kan di ojúlówó? Ṣé ìwé tí ó wà lára ògiri ni? Ṣé orúkọ ẹni tí ó dá a sílẹ̀ ni? Àbí bí ó bá ṣì lè pa ènìyàn lónìí ni a ó fi mọ̀ pé kì í ṣe ayédèrú? Èyí ni ó mú mi wọ inú ìtàn àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ohun ìjà àtijọ́ ti ilẹ̀ Jàpáànì, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ yí ọkàn mi padà.

Orúkọ tí àwọn ará Jàpáànì fún irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni ryu. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ìṣàn, bí ìṣàn odò. Kì í ṣe ilé ni wọ́n ní lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹgbẹ́. Ohun tí ó ń ti orísun kan ṣàn bọ̀, tí ó ń gba ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, ni wọ́n ń sọ. Àwọn baba wa ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ó dà bí ẹni pé òwe yìí gan-an ni àwọn ará Jàpáànì fi sọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọn lórúkọ.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó pẹ́ jù tí ó ṣì ń ṣàn ni Tenshin Shoden Katori Shinto-ryu, tí ó wà lẹ́bàá ojúbọ Katori ní agbègbè Chiba, ní ìlà-oòrùn Tokyo. Iizasa Choisai Ienao ni ó dá a sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé lẹ́yìn tí jagunjagun yìí ti rí ìparun ìdílé olóyè tí ó ń sìn, ó lọ fi ara rẹ̀ fún àdúrà àti ìdánrawò ní ojúbọ náà fún 1,000 ọjọ́, tí òrìṣà ibẹ̀, Futsunushi, sì fi ìwé àṣírí ogun lé e lọ́wọ́. Títí di òní, ìdílé Iizasa ni ó ni ipò olórí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ní ọdún 1960, ìjọba agbègbè Chiba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá tí a kò lè fi ọwọ́ kàn. Ẹ kíyè sí gbólóhùn yẹn. Ìjọba mọ̀ pé idà kọ́ ni àwọn ń dáàbò bò. Ohun tí ó wà nínú ara àwọn ènìyàn ni.

Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ mulẹ̀. Yóò kọ orúkọ rẹ̀, yóò gún ìka rẹ̀, yóò sì fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ tẹ òǹtẹ̀ sí abẹ́ orúkọ náà. Ó ṣèlérí pé òun kò ní í fi ohun tí òun kọ́ han ará ìta, àní ará ilé òun pàápàá, àti pé òun kò ní í bá àwọn ẹlẹ́kọ̀ọ́ mìíràn figa gbága kí òun tó gba ìwé-ẹ̀rí. Kò sí ẹni tí ó mọ ilé awo nílẹ̀ wa tí èyí yóò ṣe àjèjì sí. Ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ni ó wà.

Kí ni ó wà lábẹ́ ewé náà? Ohun tí wọ́n ń pè ní kata ni. Àwọn ènìyàn méjì yóò dojú kọ ara wọn, ọ̀kan pẹ̀lú idà onígi, èkejì pẹ̀lú idà, ọ̀pá, ọ̀kọ̀ tàbí naginata, èyí tí í ṣe ọ̀pá gígùn tí ojú idà títẹ̀ wà lórí rẹ̀. Gbogbo ìgbésẹ̀ ni wọ́n ti là sílẹ̀ tẹ́lẹ̀: ẹni tí yóò kọ́kọ́ ṣá, ibi tí yóò ṣá, bí èkejì yóò ṣe yà á, àti ibi tí ìjà yóò parí sí. Ẹni tí ó bá rí i nígbà àkọ́kọ́ lè rò pé ijó ni.

Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ wo àwòrán rẹ̀. Ẹni tí ó dàgbà jù ni wọ́n ń ṣẹ́gun nígbà gbogbo. Mo rò pé bóyá àgbà náà ti rẹ̀ ni. Nígbà tí ó yá ni mo mọ̀ pé òfin ni. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, olùkọ́ ni ó ń ṣe ẹni tí ó ń kọ lu akẹ́kọ̀ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó sì gbọ́dọ̀ borí. Ìdí rẹ̀ ni pé olùkọ́ nìkan ni ó lè ṣá idà sí akẹ́kọ̀ọ́ bí ó ti yẹ gan-an, kí ó yára bí ó ti yẹ, kí ó sì jìnnà sí i níwọ̀n tí ó tọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ń gbọ́n sí i, bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ yóò ṣe máa fi ewu kún un, títí àṣìṣe kékeré kan yóò fi tó láti fọ́ ìka tàbí egungun àyà. Olùkọ́ ń kú ní ọ̀nà ẹgbẹ̀rún kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ bí a ti ń yè. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí ni n kò ti lè gbà mọ́ pé ìwé ni ó ń gbé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ láti ìran dé ìran.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gba ohun gbogbo gbọ́ nítorí pé ó dùn ún gbọ́. Báwo ni a ṣe mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń ṣe ní Katori bá ogun àtijọ́ mu? Ẹ̀rí kan wà tí mo kà sí pàtàkì ju ìwé ìdílé lọ, òun ni ibi tí idà ń lọ. Nínú kata wọn, idà kì í sábà ṣá agbárí tàbí àárín àyà, níbi tí irin ìhámọ́ra ti nípọn. Ọrùn, abẹ́ apá, inú ọrùn-ọwọ́ àti inú itan ni ó ń wá, ìyẹn àwọn ibi tí ìhámọ́ra jagunjagun ìgbà náà ti dá ẹnu sílẹ̀. Ẹni tí ó wọ aṣọ lásán kò nílò kí a máa wá ihò kiri lára rẹ̀. Ó hàn gbangba pé ẹni tí ó ṣètò ìlànà yìí ń rí irin ní iwájú rẹ̀. Ẹ̀rí irú èyí wà nínú ara, ó sì ṣòro púpọ̀ láti yí.

Ẹ̀tàn pẹ̀lú wà nínú rẹ̀. Otake Risuke, tí ó jẹ́ olùkọ́ àgbà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó sì kú ní ọdún 2021, ṣàlàyé pé nígbà tí òǹwòran bá rí idà méjì tí wọ́n ń kọ lu ara wọn nínú kata, kì í ṣe idà ni wọ́n fẹ́ gbá ní ti gidi. Ara ọ̀tá ni idà náà ń lọ. Wọ́n yí ìṣá náà díẹ̀ kí ará ìta má baà jí i kọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi ojú lásán kọ́ ọ, kódà bí kò bá fi ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀, èèpo ni ó ní lọ́wọ́. Ọwọ́ olùkọ́ ni kóró wà.

Ọ̀rọ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun ìdílé Toyotomi ní Osaka ní ọdún 1615, tí wọ́n sì pa ọ̀tẹ̀ Shimabara rẹ́ ní ọdún 1638, àlàáfíà jọba ní Jàpáànì fún ohun tí ó lé ní 200 ọdún. Jagunjagun ń so idà mọ́ ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n ogun kò sí. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ń pọ̀ sí i, olùkọ́ sì ń wá ohun tí yóò fi fa akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ra. Ìlànà ń di ọlọ́ṣọ̀ọ́, ó ń gùn, ó ń dára lójú. Àwọn ará Jàpáànì fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bínú pé òdòdó ni àwọn ń kọ́, kì í ṣe ìjà.

Nítorí èyí ni àwọn kan fi wá ọ̀nà mìíràn. Kamiizumi Nobutsuna ti kọ́kọ́ lo ọparun tí a là, tí a fi awọ bò, ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣá ara wọn láìpa ara wọn. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, Naganuma Kunisato ti ilé-ẹ̀kọ́ Jikishinkage-ryu, àti lẹ́yìn rẹ̀ Nakanishi Chuzo ti Itto-ryu, mú ohun ìbòjú, ìbòyà àti ìbọ̀wọ́ tí ó nípọn wọlé, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọparun jà bí ó bá ti wù wọ́n. Inú èyí ni kendo òde òní ti jáde wá. Ìjà wá di òtítọ́ ní ọ̀nà kan, nítorí pé ọ̀tá rẹ kò ní í ṣe ohun tí o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó di irọ́ ní ọ̀nà kejì, nítorí pé ẹni tí ó mọ̀ pé ọparun kò lè gé òun yóò máa fi ara wọ ibi tí kò tó wọ̀ bí ó bá jẹ́ irin.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa Terada Muneari, ẹni tí ó kọ ọparun sílẹ̀ tí ó di kata mú, fi ìjà ìmọ̀ yìí hàn. Wọ́n ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nakanishi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ìhámọ́ra ìdánrawò rẹ̀, kí ó wá bá òun pẹ̀lú ọparun. Òun yóò dúró pẹ̀lú idà onígi láìwọ ohunkóhun. Ìgbàkigbà tí ẹni náà bá ti ń gbèrò láti ṣá a, Terada yóò sọ ibi tí ó fẹ́ ṣá àti bí òun yóò ṣe dá a lóhùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò lè gbé ọwọ́. Bóyá ìtàn náà ṣẹlẹ̀ bí wọ́n ti sọ ọ́ tàbí kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sọ ohun tí àwọn onígbàgbọ́ kata ń retí: kata kì í kọ́ni ní ìgbésẹ̀ nìkan, ó ń kọ́ni láti ka inú ẹni tí ó dojú kọni.

Ẹ jẹ́ kí a wá yẹ ọ̀rọ̀ ìwé wò. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yìí ní ìwé kíká gígùn tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìpele ìpele. Èkíní máa ń jẹ́ àkójọ orúkọ àwọn ìlànà. Èyí tí ó ga jù ni menkyo kaiden, tí ó fi hàn pé olùkọ́ kò ní ohunkóhun lọ́wọ́ mọ́ tí kò tíì fi lélẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ lásán ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tí kò bá ti kọ́ ìlànà náà pẹ̀lú ara kò lè rí i nínú orúkọ rẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹnikẹ́ni lè ra ìwé àtijọ́ lọ́jà. A kò lè ra ogún ọdún tí olùkọ́ fi ṣá idà sí ni.

Ìwé pẹ̀lú lè purọ́ nípa orísun. Ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀pá tí à ń pè ní Shinto Muso-ryu jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó kọ́ mi lọ́gbọ́n. Muso Gonnosuke ni ó dá a sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Wọ́n ní ó bá Miyamoto Musashi, ògbóǹtarìgì onídà, jà, Musashi sì ṣẹ́gun rẹ̀. Gonnosuke bá lọ sí orí òkè Homan ní Kyushu, ó gbàdúrà, ó lá àlá, ó sì gé ọ̀pá kan tí ó kúrú ju ọ̀pá ogun lọ, tí ó gùn ju idà lọ, ìwọ̀n 128 sẹ̀ǹtímítà. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ní ó padà lọ fi ọ̀pá yìí borí Musashi. Ìwé ọ̀rúndún kẹtàdínlógún kan sọ̀rọ̀ ìjà àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ibi tí Musashi ti borí ni ó sọ. Ìjà kejì jẹ́ ti ẹnu àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà nìkan. Ǹjẹ́ èyí sọ ọ̀pá náà di ayédèrú? Rárá o. Ìlànà tí ó lé ní 60 ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, gbogbo wọn ni wọ́n sì mọ̀ pé idà wà níwájú. Ẹnu lè bu iyọ̀ sí ìtàn baba ńlá kí ọwọ́ sì pa iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ láìyẹ̀.

Ọ̀pá yìí kan náà fi hàn wá bí ìṣàn ṣe lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ìjọba àwọn jagunjagun wó ní ọdún 1868. Ní ọdún 1876, òfin ka idà gbígbé léèwọ̀ fún gbogbo ènìyàn àyàfi ọmọ ogun, ọlọ́pàá àti àwọn aláṣẹ tí ó wọ aṣọ oyè. Owó tí àwọn jagunjagun ń gbà lọ́dọọdún ti dópin. Àwọn tí ó jẹ́ olùkọ́ fún ọba di ẹni tí ń wá iṣẹ́ kiri. Ní Fukuoka, níbi tí ọ̀pá náà ti jẹ́ àṣírí agbègbè kan fún ohun tí ó lé ní 200 ọdún, Shiraishi Hanjiro kó àwọn ẹ̀ka tí ó ṣẹ́kù jọ, ó sì ń kọ́ ìwọ̀nba ènìyàn títí ó fi kú ní ọdún 1927. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Shimizu Takaji, ni ó gbé e lọ sí Tokyo tí ó sì kọ́ àwọn ọlọ́pàá. Ní ọdún 1968, wọ́n yọ ìlànà 12 láti inú rẹ̀ fún ẹgbẹ́ kendo gbogbo Jàpáànì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ń ṣe é. Shimizu kú ní ọdún 1978. Láti ìgbà náà, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tí gbogbo ẹ̀ka gbà ní olórí. Ti Fukuoka àti ti Tokyo yàtọ̀ díẹ̀ síra wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé èwo ni ojúlówó, n ó dáhùn pé ọmọ ìyá méjì kì í jọra tán, síbẹ̀ kò sí ọmọ àlè nínú wọn.

Ọwọ́ tí ó ń gba ohun ìjà náà lè yàtọ̀ pátápátá sí ọwọ́ tí ó kọ́kọ́ mú un. Ohun ìjà àwọn ajagun àti àwọn àlùfáà tẹ́ńpìlì ni naginata ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní àkókò àlàáfíà, ó bọ́ sí ọwọ́ àwọn obìnrin ìdílé jagunjagun. Nígbà tí ayé wá yí padà, àwọn obìnrin ni kò jẹ́ kí ó kú: Sonobe Hideo, tí ó wà láyé láti ọdún 1870 sí 1963, nínú Jikishinkage-ryu, àti Mitamura Chiyo nínú Tendo-ryu. Ẹni tí ó bá rò pé ojúlówó ni kí nǹkan má ṣe kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ín, kí ó lọ wo àwọn obìnrin wọ̀nyí. Bí kì í bá ṣe tiwọn ni, àwọn ìṣàn méjèèjì ì bá ti gbẹ.

Ìyípadà fúnra rẹ̀ kọ́ ni ọ̀tá. Nínú ẹ̀kọ́ iai, èyí tí í ṣe fífa idà yọ nínú àkọ̀, àwọn ìlànà tí à ń ṣe lórí ìjókòó wà. Bẹ́ẹ̀ sì ni jagunjagun kì í fi idà gígùn sí ẹ̀gbẹ́ jókòó nínú ilé ẹni tí ó bá lọ kí. Ohun ìdánrawò ni ìjókòó náà, kì í ṣe àwòrán ogun. Oe Masamichi, tí ó kú ní ọdún 1927, tún ẹ̀kọ́ Muso Jikiden Eishin-ryu ní Tosa tò, ó yọ òmíràn kúrò, ó sì to ìyókù ní ipele. Kò sí ẹni tí ó fi èyí pamọ́. Orúkọ rẹ̀ wà lórí ohun tí ó ṣe. Ohun tí ń sọ nǹkan di ayédèrú ni kí ènìyàn yí i padà ní àná, kí ó sì sọ fún wa pé ẹgbẹ̀rin ọdún ni ó ti wà bẹ́ẹ̀.

Irú àwọn bẹ́ẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn ogun. Àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà fòfin de ẹgbẹ́ ńlá tí ó ń bójú tó ọ̀nà ìjà ní ọdún 1946, wọ́n sì kó idà púpọ̀ lọ. Nígbà tí ìfẹ́ sí i padà wá, sinimá gbé e káàkiri ayé, àwọn tí ó ń ta ìran baba ńlá sì rí ọjà. Ṣùgbọ́n àwọn àjèjì olóòótọ́ pẹ̀lú wà. Donn Draeger, ọmọ ogun Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ rí tí ó kú ní ọdún 1982, mulẹ̀ ní Katori lọ́dọ̀ Otake, ó kọ́ ọ̀pá lọ́dọ̀ Shimizu, ó sì kọ ìwé tí ó jẹ́ kí àwọn ará ìta mọ ìyàtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ àjèjì wà lára ìwé ìmùlẹ̀ Katori báyìí. Ìdílé rẹ̀ kọ́ ni wọ́n bi í. Ọdún tí yóò fi dúró ni wọ́n wò.

Nítorí náà, bí a bá bi mí lónìí, ohun mẹ́ta ni n ó wò. Ǹjẹ́ ẹni yìí lè dárúkọ ẹni tí ó ṣá idà sí i, kì í ṣe ẹni tí ó fún un ní ìwé nìkan? Ǹjẹ́ ìlànà rẹ̀ ṣì mọ ohun ìjà tí ó wà níwájú rẹ̀, ìwúwo rẹ̀, gígùn rẹ̀ àti ewu rẹ̀? Ǹjẹ́ ó ń sọ òtítọ́ nípa ibi tí nǹkan ti yí padà àti ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ? Ẹni tí ó bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo pè ní ojúlówó, yálà ìjọba fún un ní àmì ẹ̀yẹ tàbí kò fún un.

Mo ti ronú padà sí olùkọ́ tí mo bá pàdé ní Ìbàdàn. N kò lè sọ pé ohun tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ yẹn jẹ́ ti àtijọ́. Okùn rẹ̀ já lẹ́yìn ẹnì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ó rọrùn fún un láti purọ́ fún mi lọ́jọ́ náà, nítorí pé èmi pẹ̀lú kò lè ka ìwé ara ògiri. Kò purọ́. Mo jẹ ẹ́ ní gbèsè àforíjì, mo sì rò pé bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá kọ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí a ti ń sọ pé "n kò mọ̀", wọn yóò lè mọ òtítọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí orísun.